Àlùbọ́sà Inú Ọbẹ̀ Ọ̀gá

Kò sẹ́ni tó mọ gíláàsì gbé bíi tèmi láyé yìí. Èyí tí à ń gbé lọ́jọ́ yẹn fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù, ọmọ-ìka kan péré ni ǹ bá fi gbé e. Ọ̀gá ló ní kí ẹ̀gbọ́n mi di ìsàlẹ̀ mú, kí n di òkè, ká jọ gbé e gun àtẹ̀gùn.

Ìfun ẹ̀gbọ́n mi máa ń bínú, á lé e lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì lójijì. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí egbò kankan. Ó ní kó pa àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti mílíìkì tì ná, kó wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ ọ̀daràn inú wọn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúró tì í bí ọlọ́pàá. Mílíìkì yege, ẹ̀wà yege. Ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n fẹ́ dán àlùbọ́sà wò, nílé, nítòsí tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀gbọ́n mi ti sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rí láìsọ ìdí, torí ojú ń tì í. Ọ̀gá wá búra pé tó bá tún dán an wò, kó máa lọ sílé pátápátá. Láàárọ̀ yẹn, inú ọ̀gá dùn, ó bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ tirẹ̀ fún wa. Ta ló máa ní òun ò jẹ? Àlùbọ́sà ti yọ́ mọ́ ọbẹ̀. Imú èmi tó ń gbóòórùn òjò ọ̀la, ọjọ́ yẹn ló yàn láti dí.

A dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yà, inú ẹ̀gbọ́n mi kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ní kó há a mọ́ra bí ahun. Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn lẹ̀rù bà mí, torí tó bá bọ́, wọ́n á kó mi bíi búrẹ́dì tí wọ́n gé.

Ọ̀gá ń pariwo nísàlẹ̀ pé kí ló dá wa dúró.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún un.”

“Á lé mi.”

“Tí gíláàsì yìí bá fọ́, ṣé ẹ̀bùn ló máa fún yín ni?”

Ó mí kanlẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi dì í mú. Inú mi ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí. Àìsàn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ.”

Mo gbọ́ bàtà ọ̀gá lórí àtẹ̀gùn, ó ki èjìká bọ abẹ́ gíláàsì. Ẹ̀gbọ́n mi sáré sọ̀kalẹ̀, mànàmáná ò lè bá a.

Ọ̀gá bi mí pé kí ni ẹ̀gbọ́n mi jẹ. Èmi tí mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ohùn mi tín-ín-rín.

“Ṣé àlùbọ́sà wà nínú ọbẹ̀ yín, sà?”

Ó ní ó pọ̀ níbẹ̀. Ó tún gíláàsì dì mú dáadáa.

“Rọra máa gòkè,” ló sọ. “Tó bá ṣe tán, kó wá bá wa lókè. Láti ọ̀la, kó máa gbé oúnjẹ tiẹ̀ wá.”