Ọmọ́lẹ́yẹ Ń Kàwé Sókè

Ọmọ́lẹ́yẹ kò lè kàwé láìlanu. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì kó tó wọ kíláàsì àwọn àgbà ní Isuada, níbi tí ogójì obìnrin ti máa ń pariwo "ba, bẹ, bi" pa pọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti oko dé. Olùkọ́ wọn a sì máa sọ pé ẹni tí òun kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, onítọ̀hún kò kàwé. Ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lára. Bó bá tẹjú mọ́ ìwé tó panu mọ́, ńṣe ni àwọn lẹ́tà máa ń wò ó bí àlejò tí kò mọ ẹni tóun wá bá. Àfi tó bá fi ẹnu pè wọ́n jáde, tí etí rẹ̀ gbọ́ wọn, ló tó ń mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Èyí kì bá tí di wàhálà bí kì í bá ṣe ti láíbìrì.

Ọdún 1981 ni. Akínwọlé ọkọ rẹ̀, bàbá Monica ọmọ wọn, ń kọ́ iṣẹ́ oníwàásù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lẹ́yìn ìlú Ọ̀wọ̀, lọ́nà Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, òun náà sì wà ní kíláàsì àwọn aya oníwàásù. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìdánwò wọn. Ẹnu ni wọn yóò fi dáhùn, níwájú àgbà ìjọ mẹ́ta, lórí ọ̀rọ̀ opó: bí ọkọ bá kú fún obìnrin kan nínú ìjọ, báwo ni aya oníwàásù yóò ṣe dúró tì í? Ẹni tó bá yege ni wọn yóò fa ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lé lọ́wọ́ níbi tí wọ́n bá rán ọkọ rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá yege, kó máa gbá ṣọ́ọ̀ṣì.

Léṣìí, ohun tí Akínwọlé sọ fún un ló lọ tún sọ níwájú àwọn àgbà. Nígbà tí wọ́n bi í ní ìbéèrè kejì, tí Akínwọlé kò ronú kàn, ó dákẹ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu. Wọ́n ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé ojú òun fúnra òun ni òun yóò fi rí ohun tó wà nínú ìwé.

Ìwé kan ṣoṣo ló sì sọ̀rọ̀ opó ní èdè Yorùbá ní gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Olùkọ́ kan tó ti dolóògbé ló fi taipuráítà tẹ̀ ẹ́, tó fi páálí dúdú dì í. Ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti fi àpótí kó àwọn ìwé yòókù ránṣẹ́. Ọ̀kan ń ṣàlàyé bí a ṣe ń sin àgùntàn nílẹ̀ tí òjò dídì ti ń rọ̀, òmíràn ń sọ ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó wà, ikán sì ti jẹ púpọ̀ nínú wọn. Àwọn yẹn, o lè gbé wọn relé. Ti opó yìí nìkan, tí wọ́n fi àmì pupa sí, ni kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọmọ́lẹ́yẹ lọ bá Bàbá Láníyì, olùtọ́jú láíbìrì. Akọ̀wé kóòtù ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, kóòtù ò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé ìwé náà fún un, bí ẹni gbé ẹyin. Ọmọ́lẹ́yẹ wá àga títí kó tó rí ọ̀kan, torí wọ́n ti kó ìyókù lọ sí ṣápẹ́ẹ̀lì nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù wá, kò sì sí ẹni tó kó wọn padà. Ó jókòó, ó ṣí ìwé.

"O-pó kì í ṣe ẹ-lẹ́-bi—"

"Ṣẹ́ẹ́!" Bàbá Láníyì ti dìde. "Láíbìrì nìyí. A kì í sọ̀rọ̀ níbí."

"Mi ò sọ̀rọ̀, Bàbá. Ìwé ni mò ń kà."

"Kà á sínú."

"Inú ibo, sà?"

"Inú rẹ!"

Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì tó jókòó síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ́lẹ́yẹ panu mọ́, ó tẹjú mọ́ ìlà kìíní. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin, kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, kó sì tó mọ̀, ohùn ti ń jáde bí ìgbà tí oyin ń kùn.

"Ìyàwó Akínwọlé! Gbé ìwé wá. Lọ sílé, kí o lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé."

Ọ̀rọ̀ náà ta á lójú bí ata. Síbẹ̀, ó padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sílé. Màá dá a padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀."

"Kò gbọdọ̀ jáde."

"Ẹ jẹ́ kí n kà á síbí nígbà náà."

"Bí o bá dákẹ́."

"Ẹ̀ẹ́ẹ̀! Níbo wá ni kí n ti kà á, lórí igi?"

"Èmi kọ́ ni mo ṣòfin." Ó ti ìwé òfin sí iwájú rẹ̀, ó fìka tọ́ka. "Wò ó fúnra rẹ."

Ọmọ́lẹ́yẹ tẹ̀ síwájú. "Ì-wé tí a fi à-mì pu-pa sí kò gbọ-dọ̀ kọ-já ì-lo-ro. Ẹ-ni-kẹ́-ni kò gbọ-dọ̀ gbé o-hùn só-kè nínú lá-í-bì-rì—"

"Ṣẹ́ẹ́!"

Ní Ọjọ́rú, ó bá láíbìrì ní títì. Bàbá Láníyì ti lọ sìnkú ní Ute, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ̀. Ọmọ́lẹ́yẹ dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó pòṣé títí ẹnu fi gbẹ.

"Jẹ́ n bá ẹ kà á," Akínwọlé wí nílé. "Màá sọ gbogbo ẹ̀ fún ẹ."

"Bí o ṣe sọ ọ́ léṣìí?"



Omi ẹ̀rọ kò yọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì láti ọjọ́ Àìkú, odò ni gbogbo wọn ń lọ. Ojú ọ̀nà ni Fúnmiọlá, aya oníwàásù tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tiwọn, ti gbọ́ ẹjọ́ náà, tó sì rẹ́rìn-ín débi pé omi dà sí i lára.

"Ṣé o ò mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé kì í mí bí wọ́n bá ń kàwé ni? Òfin ní kí ìwé má jáde, òfin ní kí ohùn má wọlé. Lọ jókòó sáàárín wọn, kí o gé ara rẹ sí méjì!"

Ọmọ́lẹ́yẹ sọ korobá kalẹ̀. "Tún un sọ."

"Mo ní kí o gé ara rẹ sí méjì. Àwàdà ni o, Ìyá Monica! Kí ló dé tí o ń wò mí báyẹn?"

Nígbà tí Bàbá Láníyì ṣí láíbìrì láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ọmọ́lẹ́yẹ ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú àpótí ìjókòó méjì. Ó gba ìwé. Ó gbé àpótí kan sí inú, létí ìloro, ó gbé ìwé lé e. Ó gbé èkejì sí ìta, ó jókòó lé e, ó sì na ọrùn.

"Kí nìyẹn?" bàbá náà béèrè.

"Ìwé kò kọjá ìloro, Bàbá. Ohùn mi náà kò sí nínú láíbìrì."

Bàbá Láníyì sún mọ́ àpótí náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ibẹ̀ bí ẹni tí ń wo ààlà ilẹ̀ tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. "Etí ìwé ti yọ sórí ìloro."

Ọmọ́lẹ́yẹ fi ìka tì í wọlé díẹ̀. "Ó dáa báyìí?"

Bàbá náà padà sídìí tábìlì, ó ń kùn.

Báyìí ló ṣe kàwé láti àárọ̀. Oòrùn pa á lẹ́yìn, ọrùn ń ro ó, àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń dá a kọjá, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ yàgò, mà." Bó bá kà á tó yé e, a kọ díẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ó kà pé aya oníwàásù ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ sùn nílé opó, kí ó má dá nìkan sùn. Ó kà pé kò sí òfin ìjọ tó ní kí opó má wá sí ṣọ́ọ̀ṣì kí ogójì ọjọ́ tó pé. Akínwọlé kò sọ ìyẹn fún un rí.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó ku ojú-ewé méje. Bàbá Láníyì dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.

"Dìde, mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn."

"Ó ku díẹ̀, Bàbá."

"Wá lọ́la."

"Aago mẹ́jọ ni ìdánwò wa lọ́la."

"Aago mẹ́sàn-án ni mo máa ń ṣí."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, sà." Kò sì dìde. "À-wọn ẹ-bí ọ-kọ..."

Bàbá Láníyì dúró. Ó mí kanlẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. "Olúwa o! Òkú tí wọ́n ń sọ yìí á jí kí o tó dé ìdí gbólóhùn kan. Gbé e wá!" Ó já ìwé náà gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí wọ́n ṣe ń ka ìdájọ́ ní kóòtù, kíákíá, láìmí, débi pé àwọn tó wà ní ṣápẹ́ẹ̀lì yọjú lójú fèrèsé. Ojú-ewé kan lọ, ojú-ewé kejì lọ, ẹ̀kẹta lọ.

Ọmọ́lẹ́yẹ ń mi orí, ó ń gbọ́. Lójijì ó dá orí rẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì ń kọjá lọ bí omi lórí ewé kókò. Ẹnu ọkùnrin ló tún ti ń gbọ́ ọ.

"Ẹ dúró, Bàbá. Ẹ fún mi."

"Ó ku mẹ́rin péré!"

"Ohun tó ṣe mí léṣìí ló tún fẹ́ ṣe mí yìí. Ẹ bá mi gbé e sórí àpótí, ẹ jọ̀ọ́, sà."

Ó ṣí i padà sí ojú-ewé tí bàbá náà ti bẹ̀rẹ̀.

"A tún padà sẹ́yìn? Obìnrin yìí máa pa mí!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. À-wọn ẹ-bí ọ-kọ kò gbọ-dọ̀..."

Bàbá Láníyì fa àga kan, ó jókòó, kọ́kọ́rọ́ wà lórí itan rẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu obìnrin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí iṣu tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ tó gbẹ. Ó dé ibi ọ̀rọ̀ gígùn kan, ó dúró. Ó pè é, ó ṣì í pè. Ó tún un pè.

Bàbá Láníyì gbé orí sókè. Ọ̀rọ̀ náà ti wà létè rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e mì, ó sì dúró de obìnrin náà.