Igba Mẹ́ta

Ìlara ń jẹ mí, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi kọ áàpù tèmi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí ọrùn fi ń ro mí. Àbúrò mi obìnrin, tí a ń pè ní Kékeré, ọjọ́ mọ́kànlá péré ló fi ṣe tiẹ̀. Ó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, ó ń bá ẹ̀rọ AI sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́, ẹ̀rọ sì ń bá a kọ kóòdù. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Ọmọdé tiwa ti gun àga.

Iṣẹ́ kan náà la jọ ń dù. Ìyá oníkẹ́míìsì òpópónà wa ń wá áàpù tí yóò máa rán àwọn arúgbó létí òògùn wọn, ẹyọ kan ló sì máa mú. Tèmi ń kọ ọ̀rọ̀ sójú fóònù. Ti Kékeré ń sọ̀rọ̀ jáde, ohùn rẹ̀ sì dùn létí. Èyí ló dùn mí jù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń fọ abọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí ohùn yẹn wí pé: “Ẹ lo hóró kan, igba mẹ́ta lójúmọ́.”

Abọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò pe ìgbà, igba ló pè. Igba mẹ́ta, ẹgbẹ̀ta nìyẹn! Kékeré ń to àwọ̀ bọ́tìnì, kò fetí sí i. Ó yẹ kí n ké sí i, àmọ́ inú mi dùn. Mo fọ abọ́ mi tán, mo dákẹ́. Kó lọ sọ ọ́ níwájú ìyá oníkẹ́míìsì.

Lọ́jọ́ tí àwa méjèèjì gbé áàpù wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ohùn náà sì sọ ọ́. Ìyá yẹn yọ awò ojú rẹ̀.

“Ẹgbẹ̀ta lójúmọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí n sin gbogbo oníbàárà mi ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rọ ló bá a kọ ọ́, mà. Ẹ̀rọ ò mọ àmì ohùn.”

Kékeré ò bá mi jà. Ó yí kọ̀ǹpútà sí wa.

“Kì í ṣe ẹ̀rọ, mà. Àkójọ ọ̀rọ̀ kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, API rẹ̀, ìyẹn ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ni áàpù mi ń gbà lọ bu ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọn ò ti fi àmì sí i.” Ó wò mí. “Bọ̀ọ̀dá mi, tiyín ni. Èyí tẹ́ ẹ kó jọ nílé ẹ̀kọ́, tẹ́ ẹ ní kí gbogbo ayé máa lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ tiẹ̀ sọ fún mi pé ó jọ àṣìṣe. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án, bọ̀ọ̀dá mi ló kọ ọ́.”

Orúkọ ìnagijẹ mi wà níbẹ̀ lóòótọ́: Ọ̀gá Kóòdù. Èmi nìkan ló lè tún un ṣe. Ojú tì mí, inú sì tún ń bí mi, torí ìyá oníkẹ́míìsì ń wò mí. Mo wọlé síbẹ̀, mo fi àmì méjì sórí ọ̀rọ̀ náà. Kékeré tún tẹ bọ́tìnì.

“Ẹ lo hóró kan, ìgbà mẹ́ta lójúmọ́.”

“Ó ti tọ́ báyìí,” ni ìyá oníkẹ́míìsì wí. “Kékeré, tìẹ ni mo mú.”

Àbúrò mi dì mọ́ mi níwájú káńtà.

“Ẹ ṣé gan-an, bọ̀ọ̀dá mi. Mo mọ̀ pé ká ní ẹ ti gbọ́ ọ nílé ni, ẹ̀ bá ti sọ fún mi.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.