Òkè Tí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Kò Lanu

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń mọ òkè, kò sì tíì sí ẹni tó gùn ún. Inú àpótí gíláàsì lórí tábìlì ni òkè tèmi wà. Màá da yanrìn aláwọ̀ oríṣiríṣi sí i ní ìpele-ìpele, màá tan ẹ̀rọ mọ́tò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pákó kan á sì máa rọra ti yanrìn náà láti ẹ̀gbẹ́ kan títí yóò fi ká jọ, tí yóò ga sókè. Bí ilẹ̀ ṣe ń di òkè náà nìyẹn, àfi pé ti ilẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ ju tèmi lọ. Bí ìyá mi bá pè mí, wọn kì í kí mi tán kí wọ́n tó béèrè.

"Ọmọ mi, òkè yẹn ò tíì parí?"

Kò tíì parí, nítorí ọ̀gá mi, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ ọmọwé mi. Kí wọ́n tó hu ewú ni wọ́n ti kọ ìwé kan pé bí òkè bá ga tán, ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò lanu. Ìwé yẹn ló sọ wọ́n di ẹni ńlá. Àfi kí ilẹ̀ lanu nínú àpótí tèmi náà kí wọ́n tó jẹ́ kí n lọ síwájú àwọn tó máa dán mi wò. Kò lanu rí. Mo pààrọ̀ yanrìn, mo dín eré mọ́tò kù, mo tiẹ̀ gbàdúrà. Bí mo bá gbé èsì lọ, wọn kì í gbójú sókè.

"Ọwọ́ ẹ ló wúwo. Tún un ṣe."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Ó ti sú mi pátápátá.

Lánàá, wọ́n fìbínú dìde. "Kúrò níbẹ̀, jẹ́ n fi hàn ẹ́!" Àwọn fúnra wọn da yanrìn, wọ́n tan mọ́tò, wọ́n tẹ̀ síwájú láti yọjú wo inú gíláàsì. Òkè ga. Ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì lanu gbàgà.

"Ṣé o rí i báyìí?"

Mo rí i. Mo sì rí ikùn ọ̀gá mi tí wọ́n gbé lé etí tábìlì. Bí wọ́n ṣe ń mí, bẹ́ẹ̀ ni tábìlì ń mì.

Ilẹ̀ ti la ẹnu tirẹ̀; bí èmi bá pa tèmi dé, mo di ọmọwé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi ń bú ọwọ́ mi kò lọ nínú mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo sì tún un ṣe lójú wọn. Òkè ga, kò sí ohun tó là. Mo ní, "Ẹ wá wò ó dáadáa, sà." Wọ́n wá, wọ́n gbé ikùn lé tábìlì. Ilẹ̀ lanu.

Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ikùn wọn.

"Tábìlì tí mo lò nígbà tí mo kọ ìwé yẹn náà ò dúró dáadáa," ni wọ́n rọra sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wúkọ́. "Ilẹ̀ ṣáà ti lanu. Lọ kọ ọ́."

Àánú wọn ṣe mí, inú sì ń bí mi. Mo fi ọwọ́ pa òkè náà rẹ́, mo kúnlẹ̀, mo sì gbé abọ́ yanrìn lé wọn lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, sà. Ikùn yín ló wúwo. Ẹ tún un ṣe."