Obìnrin Inú Awò Ojú

Nọ́ọ̀sì Kúbúrá ni inú rẹ̀ dùn jù lọ́dún 2009, nígbà tí Dókítà Adéòjó gbé awò ojú ńlá kan dé láti òkè òkun. Wọ́n á fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n á fi bo ojú ọmọ, ọmọ á sì máa wo ẹja aláràbarà bí ẹni pé òun náà wà nínú òkun. Kó tó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ wọlé, abẹ́rẹ́ ti jáde. Ẹkún wá dínkù ní ilé ìwòsàn wọn ní Ìkòròdú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ayọ̀midọ̀tun, ọmọ ọdún mẹ́rin, wà lórí itan ìyá rẹ̀, awò náà wà lójú rẹ̀, ni NEPA bá mú iná lọ. Fáànù dúró, kọ̀ǹpútà kú, inú awò náà sì ṣókùnkùn. Kúbúrá fẹ́ bọ́ awò náà, ṣùgbọ́n ọmọ ń rẹ́rìn-ín.

"Kí lò ń wò?" ni Kúbúrá bi í.

"Àǹtí yẹn ni. Wọ́n ní kí n gbé apá mi wá."

Ó na apá fúnra rẹ̀. Kúbúrá gún un lábẹ́rẹ́, ọmọ ò mì pínkín. Apá náà tutù bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ọ̀sà jáde.

"Kò sí àǹtí kankan níbẹ̀," ni dókítà wí nígbà tó gbọ́. "Ẹja nìkan ló wà níbẹ̀. Ọmọdé ni, àlá ojú ọ̀sán ló ń lá."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Kúbúrá àti dókítà gbé awò náà lọ sí ẹ̀ka wọn ní Ẹ̀pẹ́. Mujeeb, ọmọ apẹja kan tí kò dé Ìkòròdú rí, ni wọ́n kọ́kọ́ fi bò lójú. Awò náà ṣì bò ó lójú, ó wá yíjú sí ibi tí Kúbúrá dúró sí gan-an.

"Àǹtí inú omi ń béèrè Ayọ̀midọ̀tun," ló wí. "Wọ́n ní ìgbà wo ló máa padà wá?"

Kúbúrá já awò náà kúrò lójú ọmọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, mi ò ní fi nǹkan yìí bo ojú ọmọ ọlọ́mọ mọ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó gbé e bo ojú ara rẹ̀ láti fi hàn án pé kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó ká wáyà rẹ̀, ó tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù.

Mujeeb rí abẹ́rẹ́, ó fi igbe ta. Kúbúrá gbá a mọ́ra, ó jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn.

Lẹ́yìn náà ló pe ìyá Ayọ̀midọ̀tun lórí fóònù.

"Ara ọmọ le, Sista," ni ìyá náà wí. "Ojoojúmọ́ ló ń bẹ̀ mí pé ká wá gba abẹ́rẹ́."

"Ẹ má tíì mú un wá, mà," ni Kúbúrá dáhùn.