Kẹ́ẹ̀gì tí Ọlágòkè Fi Sílẹ̀

"Ta ló fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì yìí?"

Àtinúkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná nínú aṣọ dúdú rẹ̀, ó gbá kẹ́ẹ̀gì náà mọ́ àyà. Òórùn Ísáàlì, oògùn tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́, ń ti ẹnu kẹ́ẹ̀gì jáde.

Lazarus, àbúrò ọkọ rẹ̀, kò gbé búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé láti Ìlọrin lánàá ló ti ń kun ilé wọn ní Ọ̀sí, torí pé Sátidé ni wọn yóò sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọlágòkè.

"Èmi ni, ìyàwó wa. Ó ń rùn jù. Àlejò ń bọ̀, bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀. Mo da oògùn díẹ̀ sí i kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú."

"Kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ kú iṣẹ́, ọkọ mi. Gbogbo wọn ti kú."

Lazarus rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́.

Fún ọdún mẹ́rin, nígbàkigbà tí òjò bá ti pọ̀, kòkó wọn tó wà lọ́nà Ìlọ́fà a dúdú lórí igi, ohun funfun kan, bí èyí tí í hù lára búrẹ́dì tó ti bu, a sì bò ó. Igi kan ṣoṣo ni àrùn náà kì í mú. Ọlágòkè, tó ń kọ́ ọmọ ilé ìwé ní iṣẹ́ àgbẹ̀, bu iyẹ̀pẹ̀ ìdí igi náà lọ fún àwọn olùwádìí. Wọ́n ní kòkòrò àìfojúrí kan wà níbẹ̀ tó ń tu ohun kan jáde, ohun náà ló sì ń yọ́ ara nǹkan funfun yẹn. Wọ́n pè é ní ẹ́ńsáìmù. Ọlágòkè ní itọ́ ni. Wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa sin kòkòrò náà nínú omi ògì, inú kẹ́ẹ̀gì yìí ló sì ń sìn ín sí. Àtinúkẹ́ ló ń sẹ́ ògì. Lọ́dún tó kọjá, òun àti ọkọ rẹ̀ fín omi yìí sí ọgọ́ta igi, ekukáká ni kòkó kan fi dúdú lára wọn. Ọ̀sẹ̀ yìí ló yẹ kí wọ́n fín in sí gbogbo oko. Òjò kì í dúró de ìsìnkú.

"Omi ìdọ̀tí lásán ni," ni Lazarus wí. "Jẹ́ ká sin òkú ná. Màá ra oògùn gidi fún ọ."

"Lazarus!"

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àtinúkẹ́ ti fi jẹ́ ìyàwó ilé yìí, kò pe orúkọ rẹ̀ rí. "Ọkọ mi" ló ń pè é, torí ó bá a nílé.

"Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ kò lè jẹun mọ́, kẹ́ẹ̀gì yìí ló ń béèrè. 'Ṣé o ti fún wọn lóúnjẹ?' Ohun tó sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Kò béèrè ọ̀dà. Kò béèrè bíṣọ́ọ̀bù. Oṣù mẹ́fà ló fi dùbúlẹ̀, o kò wá. Ìgbà tó kú tán lo wá, òórùn lo wá pa!"

Ìyá Lazarus yọjú láti pálọ̀. "Àtinúkẹ́, àwọn èèyàn ń gbọ́ ohùn rẹ."

"Kí wọ́n gbọ́, mà." Ó mú ọkọ́ kékeré àti ike onídèérí kan.

"Níbo lò ń lọ? Opó kì í jáde kí wọ́n tó sin ọkọ rẹ̀."

"Ìdí igi yẹn, mà. Bóyá a ó rí èyí tó ṣẹ́kù."

Ìyá àgbà wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Lazarus, fi mọ́tò rẹ gbé e lọ. Má sì la ẹnu rẹ lọ́nà."

Kò là á. Nínú oko, kòkó mélòó kan ti ń dúdú lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé ìdí igi náà, Àtinúkẹ́ yíjú padà.

"Bọ́ bàtà rẹ. Ísáàlì wà lábẹ́ rẹ̀."

Ó bọ́ ọ. Ó dúró lẹ́sẹ̀ lásán nínú ewé rírọ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ṣì wà láàyè níbí?"

"Mi ò mọ̀. Ó di ọjọ́ mẹ́wàá ká tó mọ̀." Ó na ọkọ́ sí i. "Gbẹ́ ẹ."

Kò fi "ọkọ mi" kún un.