Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Orí Rédíò

Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ tí Màmi da ògì inú abọ́ Tẹniọlá, ọmọ mi, nù sẹ́yìnkùlé. Ògì ni Màmi fi tọ́ gbogbo wa dàgbà lágboolé wa l'Òkèrèwè. Fúnra wọn ni wọ́n ń rẹ àgbàdo, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ.

"Màmi, kí ló dé?"

"Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé mi ò fẹ́ràn ọmọ ọmọ mi. Lọ ra oúnjẹ ọmọdé alágolo tí wọ́n ń pè ní Ọmọdára fún un."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rédíò ni. 'Ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, Ọmọdára ló ń fún un.' Ṣé ó tún yẹ kí wọ́n túmọ̀ ìyẹn fún àgbàlagbà?"

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fọ́mọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Àwọn alágolo sọ ààbọ̀, wọ́n wá jẹ́ kí ìyá mi fẹnu ara rẹ̀ parí èébú tí wọ́n bú u. Ẹ ò rí ìwọ̀sí!

Iléeṣẹ́ rédíò yẹn gan-an lèmi Fisáyọ̀mi ti ń ṣètò àárọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Láoyè, ọ̀gá wa, gbé ìpolówó yẹn fún mi pé kí n kà á.

"Ọ̀gá, ìyá tí kò rà á ńkọ́?"

"A ò mẹ́nu ba ìyẹn."

"Ẹ fi í sílẹ̀ kí ìyá mi parí ẹ̀ fúnra wọn ni."

"Fisáyọ̀, bó o bá fi ọ̀rọ̀ kan kún un, má padà wá síbí mọ́."

Iná pupa tó ń sọ pé a ti wà lórí afẹ́fẹ́ tàn. Mo kà á pẹ̀lú ẹ̀rín, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́. Mo wá ní: "Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ yìí kù, ẹ jẹ́ n parí ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fọ́mọ lógì, ẹ ò fẹ́ràn ọmọ. Irọ́ ni! Ògì ni ìyá mi fún mi, mo sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn mi."

Láoyè ti ń gbá gíláàsì tó wà láàrin wa. Mo gbé báàgì mi kó tó ṣílẹ̀kùn.

Nígbà tí mo délé, Màmi wà nídìí iná, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Wọ́n lé ẹ?"

"Wọ́n lé mi, mà."

Màmi ò dárò. Wọ́n bu ògì gbígbóná sínú abọ́ Tẹniọlá, wọ́n sì bu tèmi náà.