Ohun Tí Fíríìjì Rántí

Nọ́ọ̀sì tí gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Ìyá Rúlà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó sì dìde lọ ti ilẹ̀kùn. Rúlà ló fi ń fa gbogbo ìlà tó bá wà nínú ìwé rẹ̀, bó ti wù kí èrò pọ̀ tó, ìdí orúkọ náà nìyẹn. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, kì í ṣe òun ló fa ìlà rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbé inú fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ló fà á. Ẹ̀rọ náà kì í sùn. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń wọn bí inú fíríìjì ṣe tutù tó, bí oṣù bá sì parí, wọn á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, á ro gbogbo ẹjọ́ tó rí.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ìlà náà ń lọ gbọọrọ láàárín ìwọ̀n méjì sí mẹ́jọ, níbi tó yẹ kó wà. Àfi òru ọjọ́ Ajé kan, tí í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Níbẹ̀, ìlà náà já wálẹ̀, ó kọjá òdo, ó lọ dúró sí ìwọ̀n mẹ́ta nísàlẹ̀ òdo fún wákàtí mẹ́fà.

Gbogbo abẹ́rẹ́ fulú, ti ọ̀fìnkìn líle, tó wà nínú fíríìjì lóru ọjọ́ náà ti di yìnyín.

Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ àràárọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́jọ àárọ̀, ìwọ̀n mẹ́rin. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló kọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, mẹ́rin ni fíríìjì yẹn ń jẹ́ láràárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ mẹ́rin í kọ kí ojú rẹ̀ tó débẹ̀. Ó wá rántí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé náà, iná lọ fún wákàtí méjì. Nígbà tó dé, òun fúnra rẹ̀ ló yí bọ́tìnnì fíríìjì dé òpin kó lè tètè tutù, ó sì lọ sílé láì yí i padà. Iná tún lọ ní ìdájí, ohun tó dì sì yọ́. Nígbà tó dé láàárọ̀, ó rí bọ́tìnnì náà, ó pòṣé, ó yí i padà, ó kọ mẹ́rin, ó sì ní kí ẹni àkọ́kọ́ wọlé. Èrò ti kún ìta.

Abẹ́rẹ́ fulú tó bá ti dì rí, agbára rẹ̀ ti lọ. Bó bá yọ́, á mọ́ gaara bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò ní rùn, àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí, kò sì ní pa ẹni tó gbà á lára. Kò kàn ní ṣe nǹkankan ni. Ẹni tó gbà á á máa rìn káàkiri láàárín àwọn tó ń wúkọ́, á máa rò pé òun ti dira.

Ènìyàn mẹ́rìnlá ló gún láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó fi ìka tọ orúkọ wọn wálẹ̀: aboyún méjì, obìnrin kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ọmọdébìnrin kan tó ní ikọ́ fée. Nígbà tí ìka rẹ̀ dé orí ẹni kẹfà, ó dúró síbẹ̀. Bàbá Rélùwéè ni.

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá náà fi wa rélùwéè kó tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì ti gba èéfín kọjá ààlà. Ọdún méjì ni Ìyá Rúlà fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gba abẹ́rẹ́. Ohun tó sì mú un gbà nìkẹyìn ni pé ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ bímọ. Ọmọ náà ti sọ ọ́ láì fi bọpo bọyọ̀: kí Bàbá má wá wo ọmọ tuntun títí abẹ́rẹ́ á fi lo ọ̀sẹ̀ méjì lára wọn, torí ó tó bẹ́ẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Wọ́n ti bí ọmọ náà, ọ̀sẹ̀ méjì sì pé lánàá. Lónìí, ọkọ̀ aago kan ni bàbá náà máa wọ̀ lọ wò ó.

Aago méjìlá ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. "Ìyá Rúlà, ṣé o ti ara ẹ mọ́lé ni?"

Mètírọ̀n, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ni. Ó ṣílẹ̀kùn fún un.

"Ìwé fíríìjì ti oṣù yìí ńkọ́? Ṣé ó dáa?"

Mètírọ̀n kì í ka ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa ń bèèrè, á sì kọjá lọ. Bí Ìyá Rúlà bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ láéláé. Ẹnu rẹ̀ ti là, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó bẹ̀rù bó ṣe rọrùn tó.

"Kò dáa, mà," ó wí, ó sì na ìwé náà sí i.

Mètírọ̀n kà á lórí ìdúró. Ó wo ìwé àkọsílẹ̀, ó wo mẹ́rin náà, ó wo ojú ẹni tó kọ ọ́. "Ìwọ," ó ní. "Ìwọ tó o máa ń bá èèyàn jà torí ìlà tó wọ́."

"Èmi ni, mà. Bàbá Rélùwéè wà nínú wọn. Aago kan lọkọ̀ wọn ń gbéra lọ sọ́dọ̀ ọmọ tuntun. Mo pè wọ́n, fóònù wọn ò lọ."

"Kí lo wá ń dúró rò fún mi? Lọ. Èmi á sọ fáwọn ọ̀gá. Tó o bá dé, àwọn mẹ́tàlá tó kù, ìwọ lo máa fẹnu ara ẹ pè wọ́n."

Kò bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó gba ojú títì, ó ń sáré, ó ń rìn. Ní gbogbo ibi tó kọjá ló ti ń gbọ́ ikọ́: nínú ilé ìtajà oògùn, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, lẹ́yìn fèrèsé ilé onídìrí. Kò tíì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ikọ́ pọ̀ tó báyìí nígboro.

Bàbá Rélùwéè jókòó sí pálọ̀, àpò ìrìn àjò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Oòrùn ń ràn wọlé, síbẹ̀ ó wọ kóòtù nínípọn, ó dé fìlà olówùú, ó sì ká apá mọ́ra.

"Ẹ wá wo Ìyá Rúlà," bàbá náà ní. "Ṣé o wá wọn ilé mi ni? Ó gùn ju rúlà ẹ lọ."

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jáde."

"Háà. Èmi tí mo máa ń fi èrò sílẹ̀ tí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́, kí n wá pẹ́ lónìí tí mo fẹ́ lọ rí ọmọ-ọmọ mi?" Ó wúkọ́. Ikọ́ náà gbẹ, ó sì pẹ́ kó tó dá. Ó fọwọ́ gbọ̀n ọ́n dànù. "Má wojú mi bẹ́ẹ̀. Otútù lásán ni, alẹ́ àná ló bẹ̀rẹ̀. Kò lè jẹ́ fulú. Ìwọ fúnra ẹ lo gún mi."

Ohun tó ń bà á lẹ́rù láti ilé ìwòsàn wá gan-an nìyẹn, bàbá náà sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó jókòó láì jẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: bọ́tìnnì, iná, yìnyín, mẹ́rin tí kò wò kó tó kọ ọ́.

Bàbá náà ń mí, èémí rẹ̀ sì ń dún.

"Omi lo fi gún mi."

"Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i, Bàbá."

"Ìwọ lo sọ pé ọmọ tuntun ò lè gba abẹ́rẹ́ yìí títí á fi pé oṣù mẹ́fà. O ní àwa tá a yí i ká la máa gbà á, ká má bàa gbé àìsàn lọ bá a. Mo gbọ́, mo sì gbà. Mo ṣe tèmi."

"Ẹ ṣe tiyín."

"Tó o bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ̀ bá ti wọkọ̀ lọ."

Ìyá Rúlà yọ tẹmómítà nínú àpò aṣọ rẹ̀, ó fi í sábẹ́ abíyá bàbá náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀, ó kà á, ó gbé e jìnnà, ó tún kà á. Ìwọ̀n mọ́kàndínlógójì.

Fóònù dún nínú kóòtù bàbá náà. Ó yọ ọ́, ó wò ó, ó sì nà án sí i. "Ọmọ mi ni. Ìwọ gbà á. Ẹnu mi ò lè sọ ọ́."

"Bàbá mi, kí ló ṣe fóònù yín látàárọ̀?" Ohùn obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ ti dé ibùdókọ̀? Mo ti wẹ̀ fún un o. Ó ti dira dè yín."

Ìyá Rúlà gbọ́ ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ké wẹ́wẹ́ bí ọmọ ológbò. Ó sọ ẹni tóun jẹ́, ó sọ ohun tóun ṣe, kò sì fi ohunkóhun bò ó. Ó sọ̀rọ̀ tán. Ó ń retí èébú.

"Báwo lèémí wọn?" obìnrin náà bèèrè. Ẹ̀rín ti tán nínú ohùn rẹ̀.

"Ó yára jù. Mo ń mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà báyìí."

"Ká ní o ò débẹ̀, ọwọ́ wọn lọmọ mi ì bá wà láago márùn-ún." Kò pariwo. Ì bá sàn fún Ìyá Rúlà ká ní ó pariwo. "Má fi wọ́n sílẹ̀. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Kí aago méjì tó lù, wọ́n ti tẹ́ bàbá náà sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi ọ̀pá olówùú kékeré yẹ imú rẹ̀ wò, èsì rẹ̀ sì fi hàn pé fulú ni lóòótọ́. Dókítà ní wọ́n mú un wá lásìkò: oògùn tó ń bá fulú jà kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́ bí àìsàn bá ti lé ní ọjọ́ méjì. Ó tún ní abẹ́rẹ́ tó dáa pàápàá kì í gba gbogbo èèyàn lọ́wọ́ fulú, kí wọ́n má ṣe rí i bí ẹ̀bi Ìyá Rúlà nìkan. Ìyá Rúlà gbọ́, kò sì fi tu ara rẹ̀ nínú. Èyí tó dáa ì bá ti jẹ́ kí àìsàn náà fúyẹ́ lára bàbá arúgbó. Ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń ka èémí: mẹ́rìnlélógún ní ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Bàbá Rélùwéè gbé ìbòmú afẹ́fẹ́ kúrò lẹ́nu díẹ̀. "Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Mo fẹ́ lọ pè wọ́n. Wọ́n á wá gba òmíràn, kò ní ṣe wọ́n ní nǹkankan. Wọ́n á sì máa ṣọ́ra fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i."

"Pè wọ́n níbí. Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ."

Ó fa àga, ó tẹ nọ́ńbà àkọ́kọ́. Aboyún tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ ni. Ìgbà kejì tó dún ni obìnrin náà gbé e, ariwo ọjà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bá àwọn oníbàárà ṣeré.

"Nọ́ọ̀sì wa," ó ní. "Ẹ ò gbàgbé mi. Ara mi le dáadáa, ẹ gbọ́? Gbogbo ilé wa ló ń wúkọ́, ọkọ mi ò lè dìde, àmọ́ èmi ni mò ń tọ́jú wọn. Mo ní èmi ti gba tèmi."

Bàbá arúgbó ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ jáde síbi tẹ́ ẹ ti máa gbọ́ mi dáadáa, àǹtí," Ìyá Rúlà wí. "Kẹ́ ẹ wá ibì kan jókòó."